Ojú Ìwé Mẹ́rin tí Sẹ̀gilọlá Fò

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: inú Sẹ̀gilọlá Akínlóyè bàjẹ́ nígbà tó rí Sewanu nínú ọkọ̀ ojú omi tí yóò gbé àwọn òǹkọ̀wé sọdá ọ̀sà ní Àgbádárìgì. Ó rẹ́rìn-ín o. Ó ní, "Sewanu, ìwọ rè é?" Ó jẹ́ kí ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí òun láàárín ẹrù, ó sì bi í léèrè àlàáfíà àwọn ará ilé. Àmọ́ láti etí omi títí wọ́n fi gúnlẹ̀ ní òdìkejì, kò rí ọ̀sà, kò rí igi àgbọn. Sewanu nìkan ló ń rí.

Ọdún mẹ́jọ sẹ́yìn ni wọ́n rán Sewanu wá kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ fún oṣù mẹ́ta ní ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tí Sẹ̀gilọlá ti ń ṣe tíṣà ní Ọ̀tọ̀. Sẹ̀gilọlá ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú tí kò fi ní máa han mọ́ni létí. Òun ló kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń dá kíláàsì aláriwo dúró láìgbé pàṣán. Ní báyìí, Sewanu ń kọ́ àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ní Apá, wọ́n sì ti ka ìtàn rẹ̀ lórí rédíò. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n kà á. Ìgbà kejì bá Sẹ̀gilọlá níbi tó ti ń rẹ́ ilá. Ó pa rédíò náà kó tó parí, ó ní bátìrì ni òun ń tọ́jú.

Sẹ̀gilọlá náà kì í ṣe ọ̀lẹ. Láti ìgbà tó ti kúrò ní Èkìtì wá gba iṣẹ́ tíṣà, ó ti fúnra rẹ̀ tẹ ìwé ọmọdé méjì. Páálí mẹ́ta tó kún fún ìwé kejì ṣì wà nílé, ọkọ rẹ̀ ti gbé tẹlifíṣàn lé wọn lórí, ẹnikẹ́ni kò sì bi í ìgbà tí wọ́n máa kúrò níbẹ̀. Ohun kan ṣoṣo ló ń wá láti ọdún méjìlá: kí ẹlòmíràn tẹ ìwé òun jáde, láìjẹ́ pé òun ló lọ bẹ̀ wọ́n.

Ìdí nìyẹn tó fi wá sí ilé Bàbá Gbádéyan. Bàbá ti fi iṣẹ́ ìtẹ̀wé ọmọdé lé ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, ó wá kọ́ ilé sáàárín igi àgbọn, tó kọjú sí òkun, tó kẹ̀yìn sí ọ̀sà. Ọdọọdún ló máa ń pe òǹkọ̀wé mẹ́fà síbẹ̀. Bí ilẹ̀ bá ti mọ́ títí di aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ sọ̀rọ̀. Wọ́n á kó fóònù wọn sínú agolo bísíkíìtì, kálukú á sì máa fọwọ́ kọ ìtàn kan.

Lọ́jọ́ kẹrin ni àwọn ọmọ abúlé á wá jókòó sórí ẹní láti gbọ́ ìtàn. Òǹkọ̀wé kì í ka ìtàn ara rẹ̀ níbẹ̀. Bàbá á da orúkọ wọn sínú àpò, á máa mú un ní méjì-méjì, àwọn méjì tí orúkọ wọn bá jáde pọ̀ á gba ìtàn ọwọ́ ara wọn kà. Bàbá máa ń sọ pé, "Ẹ bá ń ka tiyín, ojú lẹ ó máa fi bẹ àwọn ọmọ." Ọmọ tí ìtàn bá sú lè dìde kó lọ ṣeré létí òkun, a kì í pè é padà. Bí ìtàn bá parí, Bàbá á ka iye ọmọ tó kù. Ìtàn tó bá dá ọmọ dúró jù ni wọ́n á tẹ̀ jáde.

Ọjọ́ mẹ́ta tí wọ́n fi dákẹ́ kò rọrùn fún Sẹ̀gilọlá. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ lè bú èèyàn díẹ̀ kí ara sì tù ú. Sewanu á jókòó sórí iyanrìn, á máa kọ ìwé, á máa rẹ́rìn-ín láìjẹ́ kí ohùn jáde, èjìká rẹ̀ á sì máa mì. Lójú fèrèsé ni Sẹ̀gilọlá ti ń wò ó, ìwé tí òun fà ya sì ti kún abẹ́ tábìlì. Ó jowú ẹ̀rín yẹn. Nígbà tó yá, ó tún jowú bó ṣe ń jẹ ìrẹsì àgbọn, torí Sewanu jẹ abọ́ méjì, ó sì lọ sùn wọ̀ọ̀.

Lọ́jọ́ kẹrin, Bàbá ki ọwọ́ bọ àpò. Orúkọ Sẹ̀gilọlá ló kọ́kọ́ jáde. Ti Sewanu ló tẹ̀ lé e.

Sẹ̀gilọlá gbé ìtàn náà wọ yàrá lọ kà. Akàn kan ló fẹ́ ra bàtà lọ́jà Agbálátà. Ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní, méjì-méjì ni ẹlẹ́bàtà sì ń ta bàtà. Ẹsẹ̀ kìíní fẹ́ pupa, èkejì ní aláwọ̀ ewé ló yẹ òun, ẹ̀kẹta ní òun kò wọ bàtà láyé. Bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ ìjà, akàn á kọ orin Ègùn kékeré kan fún wọn, àwọn ọmọ tó ń gbọ́ ìtàn á sì gbè é. Sẹ̀gilọlá rẹ́rìn-ín títí ó fi fi ìrọ́rí bo ẹnu. Nígbà tí ẹ̀rín náà tán, inú bí i. Ọmọ tí òun kọ́ ní bí wọ́n ṣe ń di ṣọ́ọ̀kì mú ló kọ irú èyí.

Aago mẹ́rin lù, ọmọ méjìlélógún sì jókòó. Sẹ̀gilọlá kò yí ọ̀rọ̀ kankan padà, ìyẹn ló fẹ́ fi gba ara rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹnikẹ́ni bá bi í. Ó kàn ń ṣí ojú ìwé méjì pọ̀ níbi tí ìjà bá ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ló ṣe é. Ìjà kò wáyé, orin kò wáyé, akàn kàn lọ sọ́jà ó sì padà sílé. Ohùn tó fi ń pe orúkọ ọmọ kíláàsì láàárọ̀ ló sì fi kà á. Ọmọbìnrin kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Safiyat ló kọ́kọ́ gbọn iyanrìn ìdí rẹ̀ dànù tó lọ. Àwọn yòókù tẹ̀ lé e. Méje ló kù nígbà tó parí, méjì nínú wọn sì ti sùn. Sewanu jókòó lẹ́yìn, ó ń wo ọwọ́ tó ń ṣí ìwé.

Nígbà tó yá, wọ́n kó àwọn ọmọ padà, ó wá kan Sewanu láti ka ìtàn Sẹ̀gilọlá, ti àgbàdo tó ń bẹ̀rù iná. Sẹ̀gilọlá gbà pé ẹ̀kọ́ ìgboyà ni òun kọ fún àwọn ọmọ. Àmọ́ nígbà tí àgbàdo dénú ìkòkò, tó ń sọ pé, "Ẹ̀rù ń bà mí," Sewanu dín ohùn kù díẹ̀díẹ̀, títí àwọn ọmọ fi fọwọ́ ti ẹní, tí wọ́n nà síwájú. Ó wá dákẹ́. Ó dákẹ́ pẹ́. Nígbà tí àgbàdo bú di gúgúrú, ariwo ẹ̀rín sọ. Sẹ̀gilọlá kò mọ̀ pé ibẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀, òun tó kọ ọ́.

Ọmọ mọ́kàndínlógún ló kù. Kò sí ìtàn mìíràn tó sún mọ́ ọn nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. Àwọn òǹkọ̀wé yòókù pàtẹ́wọ́, Bàbá ní òun ń lọ kọ ìwé àdéhùn. Ohun tí Sẹ̀gilọlá ti ń wá láti ọdún méjìlá dé, kò sì lè gbádùn rẹ̀, torí ó ti ń jowú ẹnu tó ka ìtàn òun.

Ó bá Sewanu níbi tó ti ń gbọn ẹní.

"Ìtàn rẹ dára," ló sọ. "Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ni kì í lè jókòó pẹ́."

"Ojú ìwé mẹ́rin lẹ fò, Àǹtí." Sewanu ká ẹní kan, ó mú òmíràn. "Mò ń ka iye rẹ̀ bí ẹ ṣe ń ṣí i."

Sẹ̀gilọlá di etí ẹní náà mú. "O mọ̀, o wá lọ ka tèmi báyẹn?"

"Àwọn ọmọ ló jókòó níwájú mi, Àǹtí. Ẹ̀yin kọ́."

Kò fi ìbínú sọ ọ́, ì bá sì sàn fún Sẹ̀gilọlá kó bínú. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn ni pé gbólóhùn yẹn dára, òun kọ́ ló sì sọ ọ́. Bí bírò bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni, ì bá kọ ọ́ sílẹ̀ bíi pé tirẹ̀ ni. Nígbà tó mọ ohun tí òun ń rò, ojú tì í ju ti ojú ìwé mẹ́rin lọ, ìtìjú náà ló sì gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá.

"Bàbá, mo fo ojú ìwé mẹ́rin nínú ìtàn Sewanu. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fò ó ni. Ṣé kí n lọ di ẹrù mi?"

Bàbá bọ́ awò ojú rẹ̀. "Bí o bá lọ, ta ló máa kà á? Àwọn ọmọ á padà wá lọ́la. Ìwọ náà lo máa tún un kà."

"Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn kà á, sà."

"Orúkọ ẹ̀yin méjèèjì ló jáde pọ̀. Mọ́kàndínlógún ni tìẹ. Bí ogún bá dúró, ti Sewanu la máa tẹ̀." Ó wọ awò rẹ̀ padà, ó sì yọ orúkọ Sẹ̀gilọlá kúrò lórí ìwé àdéhùn tó ń kọ.

Lọ́jọ́ kejì, Safiyat jókòó síwájú pátápátá, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé kò retí nǹkan kan. Sẹ̀gilọlá bẹ̀rẹ̀. Ó ka ìjà àkọ́kọ́, ó kọ orin, àwọn ọmọ gbè é kó tó sọ fún wọn. Ní ìjà kejì, wọ́n ń pariwo àwọ̀ bàtà tí kálukú fẹ́. Bó ṣe ń kà á ló ń fojú ka orí wọn. Méjìlélógún ni wọ́n. Nínú ọkàn rẹ̀, ó ń bẹ ọmọ mẹ́ta. Mẹ́ta péré ló fẹ́ kó dìde. Òkun wà níbẹ̀, ìgbì ń lọ, eré wà níbẹ̀.

Kò sẹ́ni tó dìde. Ó ku ojú ìwé kan. Ẹsẹ̀ kẹta, tí kò wọ bàtà láyé, ti fẹ́ sọ ìdí rẹ̀. Sẹ̀gilọlá mọ̀ pé bí òun bá sáré ka ibẹ̀, ìtàn náà á sú àwọn kan, wọ́n á sì dìde. Ó wo ẹnu Safiyat tó là sílẹ̀. Ó dín ohùn kù díẹ̀díẹ̀, àwọn ọmọ fọwọ́ ti ẹní, wọ́n nà síwájú, ó sì dákẹ́.