Ìlà Kan Tó Kù Lórí Kallen

Ọjọ́ Ìgòkè-re-Ọ̀run ni, gbogbo ṣọ́ọ̀bù ní Trondheim ti tì. Mo jókòó ti kọfí mi, mo ń fi lẹ́tà kún àwọn àpótí kéékèèké inú eré ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn ìwé ìròyìn. Ó ku ìbéèrè kan: "Ohun tí à ń gùn, tí kì í gbé ni lọ síbì kankan." Mo kọ "òkè" sí i. Nígbà tí mo gbójú sókè, mo rí i pé òjò tó ti ń rọ̀ láti ọjọ́ mọ́kànlá ti dá, ojú ọ̀run sì mọ́ bí abọ́ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ara mi kò gba ìjókòó mọ́. Mo pe Ylva, àbúrò mi obìnrin, lórí fóònù.

"Ṣé o máa lo mọ́tò rẹ lónìí?"

"Níbo lẹ ń lọ, ẹ̀gbọ́n mi?" Bó bá ti ń bọlá fún mi báyìí, ẹ̀fẹ̀ ló fẹ́ ṣe.

"Kallen."

Ó rẹ́rìn-ín títí mo fi gbé fóònù jìnnà sí etí. "Bùrọ̀dá Ààbọ̀-Òkè, ẹ kú àbọ̀ o. Mo tètè ń kí yín ni, torí ẹ máa padà kẹ́ ẹ tó débẹ̀."

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti gun Kallen, ẹ̀ẹ̀mẹtẹ̀ẹ̀ta ni mo sì yí padà lágbedeméjì. Lákọ̀ọ́kọ́, kùrukùru bo òkè. Lẹ́ẹ̀kejì, bàtà mi ya. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò sí ohun tó ṣe òkè, kò sí ohun tó ṣe bàtà. Mo kàn rí ògiri òkúta àtijọ́ kan tó gba inú koríko lọ, mo ní kí n mọ ibi tó parí sí. Inú òkun ló parí sí. Kí n tó padà sójú ọ̀nà, ilẹ̀ ti ń ṣú. Láti ọjọ́ náà ni Ylva ti sọ mí ní Ààbọ̀-Òkè. Òun ní tirẹ̀ ti kọ orúkọ sínú ìwé orí òkè náà, níbi tí ẹni tó bá débẹ̀ ti ń kọ orúkọ rẹ̀, láti ọdún méjì sẹ́yìn, kì í sì í jẹ́ ká jẹun tán kó tó rán mi létí.

"Ẹ wá gbé mọ́tò," ó ní, "ṣùgbọ́n mo fẹ́ rí àwòrán orúkọ yín nínú ìwé. Láìjẹ́ bẹ́ẹ̀, lọ́jọ́ ìbí Màmá Àgbà, màá ní kí wọ́n fi ṣúgà kọ Ààbọ̀-Òkè sórí kéèkì, lójú gbogbo ẹbí."

"Ṣé kéèkì tèmi ni?"

"Kéèkì Màmá ni. Ìtìjú ni tiyín."

Mo mọ̀ pé yóò ṣe é.

Mo ki ọsàn méjì, ṣokoléètì àti kọfí gbígbóná bọ àpò, mo sì mú ọ̀nà pọ̀n. Lẹ́yìn nǹkan bíi wákàtí kan, òkun yọ lápá òsì, kò sì fi mí sílẹ̀ mọ́. Ọ̀nà yẹn kì í lọ tààrà. Ó ń tọ etí omi kiri bí ìka ọmọdé létí àwo ọbẹ̀. Ó gun afárá, ó sọ̀kalẹ̀ sí erékùṣù, ó tún gun afárá mìíràn. Níbi tí afárá kò sí, fẹ́rì gbé èmi àti mọ́tò sọdá. Yìnyín ṣì wà lórí àwọn òkè tó jìnnà, bẹ́ẹ̀ àwọn ọmọ àgùntàn ti ń fò kiri nínú koríko tuntun. Mo yí gíláàsì mọ́tò wálẹ̀ kí òórùn iyọ̀ lè wọlé. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo dúró láìnídìí, mo jókòó sórí òkúta, mo ń wo omi, mo ń bó ọsàn. Bí ẹlòmíràn bá wà nínú ọkọ̀, yóò ti bi mí pé kí la ń dúró ṣe. Kò sẹ́ni tó bi mí.

Ilé pupa kan wà nísàlẹ̀ Kallen, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń gbé mọ́tò sí. Láti ibẹ̀, àmì ọ̀dà pupa lára òkúta ló ń júwe ọ̀nà. Mo kọjá òkúta ńlá tí kùrukùru ti lé mi padà. Mo kọjá ibi tí bàtà ti ya. Nígbà tí mo dé ibi ògiri, mo gbójú sápá kejì bí ẹni tí kò fẹ́ kí ọ̀rẹ́ àtijọ́ kan rí òun. Tọkọtaya kan tó mú ajá lọ́wọ́ ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀, wọ́n kí mi. Nílùú, wọn ì bá wò mí kọjá ni, ṣùgbọ́n orí òkè la wà.

"Ó kù díẹ̀," ọkùnrin náà ní.

"Ṣé lóòótọ́?"

"Rárá. Ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n sọ fún èmi náà nìyẹn."

Mo tún rìn fún wákàtí kan gbáko, mo sì dé orí rẹ̀. Òkun tẹ́ rẹrẹ, àwọn erékùṣù fọ́n ká sórí rẹ̀ bí èérún búrẹ́dì lórí aṣọ tábìlì. N kò wò ó pẹ́; àpótí lẹ́tà tí wọ́n ń tọ́jú ìwé náà sí ni mo ń wá. Mo rí i, àpótí irin tí wọ́n fi òkúta tì nídìí, ìwé wà nínú rẹ̀, wọ́n so pẹ́ńsù mọ́ ọn. Mo ṣí i dé ojú ewé ìkẹyìn. Orúkọ ti kún un látòkè dé ìsàlẹ̀. Ìlà kan ṣoṣo ló kù.

Mo ti mú pẹ́ńsù nígbà tí mo gbọ́ ìró ọ̀pá lórí òkúta. Mo bojú wolẹ̀. Ìyá arúgbó kan ń fi ọ̀pá méjì gòkè bọ̀. Ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sinmi; ó gbé ẹsẹ̀ kan, ó sinmi.

Lọ́dọ̀ wa, a kì í kọ orúkọ sẹ́yìn ìwé, a kì í kọ ọ́ sétí, a kì í sì í ki ẹni méjì bọ ìlà kan. Bí mo bá kọ tèmi kí ìyá náà tó dé, ta ni yóò mọ̀? Mo rí kéèkì lójú inú mi, mo rí ṣúgà orí rẹ̀. Mo tún wo ìyá náà. Ó dúró, ó di orókún mú. Mo dá pẹ́ńsù padà, mo pa àpótí dé.

"Ẹ kú òkè, Màmá."

"Ìwọ náà kú òkè, ọmọ mi. Ṣé o ti kọ orúkọ rẹ?"

"Ìlà kan ló kù. Mo fi í sílẹ̀ fún yín."

Ó wò mí bí ẹni tó bá ewúrẹ́ lórí ibùsùn. "Ta ló bẹ̀ ọ́ ní oore?"

Ó jókòó, ó mí kanlẹ̀.

"Gudlaug lorúkọ mi. Èmi ni mo nilé pupa ìsàlẹ̀, èmi ni mo sì ń tọ́jú ìwé yìí. Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti jókòó ti fèrèsé, mo ń fi awò ọ̀nà jíjìn wo ẹni tó ń gòkè, mo ń yọ ìlà kọ̀ọ̀kan kúrò. Tọkọtaya alájá yẹn gba méjì láàárọ̀ yìí, ó ku ọ̀kan. Bí mo ṣe rí ọ tó o bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, mo ní, ẹni tó máa parí rẹ̀ dé. Ni mo bá gbé ọ̀pá. Àfi kí n débí kí o máa ṣe ọmọlúàbí."

Ó fa ìwé tuntun kan yọ nínú àpò rẹ̀. "Ìlà àkọ́kọ́ nínú èyí ni mo fẹ́. Ọkọ mi ló kọ ìlà àkọ́kọ́ nínú ti àtijọ́ yẹn, lọ́dún mẹ́jọ sẹ́yìn, kó tó kú. Mi ò ní jẹ́ kí àlejò gba èyí mọ́ mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ìwé tuntun kì í bẹ̀rẹ̀ kí ti àtijọ́ tó kún, ẹnì kan kì í sì í kọ orúkọ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan."

"Ìyẹn ni pé bí ẹ bá gba ìlà tí mo fi sílẹ̀ fún yín..."

"O ti fi inúure jà mí lólè nìyẹn. Kọ orúkọ rẹ, jọ̀ọ́. Orókún ń dùn mí."

Mo kọ ọ́: Brage Nesvold, àti ọjọ́. Ìyá náà kọ tirẹ̀ sórí ojú ewé tó funfun gbòò, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó sì yíjú wo òkun. Mo bó ọsàn kejì, a pín in.

"Ó ku òfin kan," ó ní. "Ẹni tó bá kọ ìlà ìkẹyìn ló ń gbé ìwé àtijọ́ lọ fún ẹgbẹ́ agunkè ní Trondheim."

"Wọ́n ò ṣí lónìí, Màmá."

"Gbé e lọ lọ́la. Ṣebí olóore ni ọ́."

A sọ̀kalẹ̀ jẹ́jẹ́. Nílé pupa, ó fi irin dín wáfù, àkàrà pẹlẹbẹ aládùn, ó bu jáàmù sí i, ó gé wàràkàṣì rúsúrúsú lé e. Mo jẹ mẹ́rin. Ó ní inú òun dùn pé n kì í fi oúnjẹ sílẹ̀ bí mo ṣe ń fi ìlà sílẹ̀.

Nígbà tí mo padà dé èbúté, oòrùn ṣì ga, fẹ́rì sì ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ. Mo ní ogójì ìṣẹ́jú láti fi dúró. Mo gbé ìwé náà lé ẹsẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ Ylva, kí n lè mọ bó ṣe kọ ọ́. Oṣù Kẹjọ ni, lọ́dún méjì sẹ́yìn. Òun àti Mari ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni wọ́n jọ lọ. Mo rí Mari. Mo wo òkè orúkọ rẹ̀, mo wo ìsàlẹ̀; kò sí Ylva níbẹ̀. Níwájú orúkọ náà, Mari kọ ọ́ ní lẹ́tà wínníwínní pé: "Ylva dúró síbi òkúta ńlá, ó ní bàtà ń gé òun lẹ́sẹ̀. Ó ní kí n bá òun kọ orúkọ. Mo kọ̀."

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Fóònù dún.

"Bùrọ̀dá Ààbọ̀-Òkè, àwòrán dà?"

"Kò sí àwòrán. Ìwé fúnra rẹ̀ ni mo ń gbé bọ̀."

"Ìwé wo?"

"Ìwé Kallen, ti ọdún mẹ́jọ gbáko. Ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Màá fi bẹ́líìtì dè é kó má baà já bọ́."

Mo gbọ́ ẹyẹ òkun kan tó ń ké lórí òpó èbúté.

"Brage," Ylva ní níkẹyìn, ohùn rẹ̀ rọ̀ bí òwú, "ṣé ẹ ti jẹun? Mo ní ẹja nílé."

Mo ní n kò tíì jẹ nǹkan kan.