Ààbọ̀ Àpò Ẹ̀wà Lórí Ìjókòó Mi

Ọkọ mi, Shittu, kì í ṣe ọmọdé. Ẹni tó ń ta ẹ̀wà lápò-lápò ní Mile 12, tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti ń funfun, ta ló máa pè é lọ́mọdé? Ṣùgbọ́n lọ́dún 2007, ó ra páwà báìkì tòkunbọ̀ kan tó pupa fòò, àtìgbà náà ni mo ti ń tọ́ ọmọ mẹ́rin dípò mẹ́ta.

Báìkì yẹn dára o, mi ò ní parọ́. Ó ń gbé èmi àti òun láti Ìkòsì dé ọjà láìsí wàhálà kankan. Ohùn rẹ̀ ni kò tẹ́ ọkọ mi lọ́rùn. Ó ní ó ń dún bí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ó ní tí ọkùnrin bá ń bọ̀ lórí irú nǹkan báyìí, ó yẹ kí wọ́n ti máa gbọ́ ọ láti Kẹ́tu. Ló bá lọ yọ sàlẹ́ńsà rẹ̀, ó fi òmíràn tó ṣí gbayawu síbẹ̀. Ó tún yọ àpótí tó bo fílítà afẹ́fẹ́ rẹ̀, ó fi kékeré kan tí kò ní ìdérí rọ́pò. Nígbà tó kọ́kọ́ tan án ládùúgbò wa, ewúrẹ́ ilé kejì já okùn. Inú rẹ̀ dùn gan-an.

Kò pẹ́ tí báìkì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Á wúkọ́, á yìnbọn nídìí, á sì kú. Èyí tó dùn mí jù ni ti ọjọ́ tí à ń lọ síbi yìgì ọmọ ọ̀rẹ́ mi. Mo wọ léèsì, mo lé tìróò, iwájú àwọn oníbàárà mi ní Kẹ́tu gan-an ló wá kú sí. Obìnrin kan tó máa ń ra àlùbọ́sà lọ́wọ́ mi ló bá wa tì í. Bó ṣe ń tì í ló ń kí mi pé, "Ẹ kú ìnáwó o."

Nígbà tí a délé, mo jókòó ti ọkọ mi. Mo ní, "Bàbá Aliyah, tí nǹkan yìí bá tún kú nígbà tí mo wà lórí rẹ̀, ẹ ó tà á. Ẹ búra fún mi."

Ó búra. Ó mọ̀ pé mi kì í sọ̀rọ̀ kí n gbàgbé. Ó dìde, ó mú àkísà, ó lọ ń nu táńkì báìkì rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tó ń sunkún. Àánú rẹ̀ ṣe mí díẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi hàn án.

Àbúrò mi, Nimat, bímọ ní Ogudu, ìsọmọlórúkọ sì bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. A ṣàdéhùn pé báìkì ló máa gbé wa lọ. Ọkọ mi sáré gbé e lọ bá Gbénró, mẹkáníìkì tó mọwọ́ àwọn báìkì ńlá ní Alápẹ̀rẹ̀. Mo tẹ̀lé e, kí n lè gbọ́ irọ́ tí wọ́n máa pa.

Gbénró wò ó yípo. Ó ní, "Alhaji, ẹ ti ṣí imú ẹ̀, ẹ tún ṣí ìdí ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tó ń wọlé báyìí ti pọ̀ sí i, epo tó ń rí mu ò sì yí padà. Ebi epo ló ń pa á."

Ọkọ mi ní, "Ṣé o ò kàn ní yí súkúrù kàbúrétọ̀ rẹ̀ díẹ̀ ni?"

"Kò ní kàbúrétọ̀. Kọ̀ǹpútà ló ń bu epo fún un, nọ́súlù ló ń fọ́n ọn." Ó mú àpótí kékeré kan jáde, tó ní bọ́tìnnì lójú. Ó ní òun máa so ó mọ́ wáyà báìkì, òun á máa fi bọ́tìnnì rẹ̀ bu epo kún un níbi tó bá ti kù. Ó ní tí òun bá ti gùn ún sáré, òun á pa á lójijì, òun á tú púlọ́ọ̀gì rẹ̀ wò. Tó bá funfun, ebi ṣì ń pa á. Tó bá dúdú, epo ti pọ̀ jù. Tó bá rí bíi bisikíìtì, ó ti yó.

Ó wá fọwọ́ họrí. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ jọ ń gùn ún, àbí? Ó yẹ kí n fi ẹrù tó tó ẹni méjì dán an wò. Bí ẹrù bá ṣe wúwo tó ló ṣe máa bèèrè epo." Ó wò mí, ó sì yára gbójú kúrò.

Àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wo táyà báìkì. Mo mọ ohun tó ń dà wọ́n láàmú. Ọmọlúàbí kan kì í bèèrè bí ìyàwó oníyàwó ṣe wúwo tó, kò sì ní gbé e sẹ́yìn káàkiri Alápẹ̀rẹ̀. Èmi náà ò ràn wọ́n lọ́wọ́. Mo ní ó dàbọ̀, mo gba ọjà lọ.

Ìgbà tí mo padà débẹ̀ lọ́jọ́ kejì, ẹnì kan ti wà lórí ìjókòó mi. Ààbọ̀ àpò ẹ̀wà ni. Wọ́n fi okùn dè é mọ́lẹ̀, wọ́n sì fi ìborùn mi aláwọ̀ ewé dì í níkùn kó má baà tú.

Mo ní, "Ta nìyí?"

Ọkọ mi ní, "Ẹrù lásán ni."

"Ẹrù lásán ló ró ìborùn mi? Ó dáa. Ẹ bá mi kí i. Ẹ ní ìyálé rẹ̀ ti dé."

Gbénró sá wọ inú ṣọ́ọ̀bù lọ rẹ́rìn-ín. Mo wo ìyàwó kékeré yẹn dáadáa, mo rí i pé ó tẹ́ẹ́rẹ́ jù mí lọ. Ṣùgbọ́n mo ní wọ́n mọ iṣẹ́ wọn.

Lọ́jọ́ Àìkú, báìkì gbé wa kúrò ní Ìkòsì, kò wúkọ́. A kọjá Kẹ́tu, kò wúkọ́. Ọkọ mi ti ń kọrin lábẹ́ àṣíborí, èmi náà sì ti ń gbádùn atẹ́gùn. Ibi tí ọ̀nà ti ń gòkè díẹ̀ kí a tó wọ Ogudu, ó yí ọwọ́ báìkì tó ń mú un sáré sí i kó lè gbé wa. Báìkì wúkọ́, ó yìnbọn kan, ó kú.

Ọkọ mi ò wẹ̀yìn. Ó kàn gbé ọwọ́ lé táńkì náà. Ó ṣe mí láàánú.

A pe Gbénró lórí fóònù, ó gun ọ̀kadà wá. Ó tú púlọ́ọ̀gì, ó funfun báláú. Ó ní, "Alhaji, ibi tí ẹ yí ọwọ́ dé kó tó lè gbé yín gòkè yìí, mi ò débẹ̀ rí. Ẹrù tí ẹ gbé fún mi ò wúwo débẹ̀." Ó wò mí. "Ẹ má bínú, ma."

Mo kọjú sí ọkọ mi. Ọkùnrin tó máa ń fọwọ́ gbé àpò ẹ̀wà, tí á sì sọ ìwọ̀n rẹ̀ láìṣì í ni. Mo ní, "Bàbá Aliyah, báwo lẹ ṣe wọn èmi?"

Ó wolẹ̀. Ó ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n mú ọ wálé, òjò rọ̀, àgbàrá gba ẹnu ọ̀nà. Èmi ni mo gbé ọ kọjá kí omi má baà ba bàtà rẹ jẹ́. Ìwọ̀n yẹn ni mo lò."

"Ẹ ò mọ̀ pé mo ti bímọ mẹ́ta?"

"Mo mọ̀. Ìyẹn náà ni ọwọ́ mi ṣì rántí." Ó yọ kọ́kọ́rọ́, ó nà án sí mi. "Mo ti búra. Màá tà á."

Gbénró ń wo ọ̀nà bí ẹni pé ó ń retí ẹnì kan. Ọ̀rọ̀ tí ọkọ mi sọ yẹn wọ̀ mí lára débi tí inú fi fẹ́ bí mi. Mo ti kọ́kọ́rọ́ padà sí ọkọ mi lọ́wọ́.

Mo ní, "Ẹni tí ẹ wọ̀n ni wọ́n tún un ṣe fún. Èmi ò tíì gun báìkì yìí rí, ìbúra yẹn ò tíì mú yín." Mo ká léèsì mi sókè, mo gun ẹ̀yìn rẹ̀ padà. "Gbénró, so àpótí rẹ mọ́ ọn. Bàbá Aliyah, ẹ máa gùn ún lọ, ẹ máa gùn ún bọ̀, títí á fi yó."

A gòkè, a sọ̀ kalẹ̀, Gbénró ń tú púlọ́ọ̀gì, ó ń tẹ bọ́tìnnì. Wọ́n ti sọ ọmọ lórúkọ tán kí a tó dé ilé Nimat. Nígbà tí wọ́n bi mí pé kí ló dá wa dúró, mo ní ọkọ mi ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀n mí tán ni.