Módẹ́ẹ̀mù Bàbá Oyèdèjì

Ọjọ́ mẹ́rin gbáko ni Marufat fi bẹ kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà kò gbẹ̀bẹ̀. Ọdún 1989 ni, ní ọ́fíìsì ẹgbẹ́ àwọn àgbẹ̀ tó wà lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán ní Ọ̀yọ́. Kọ̀ǹpútà tó ṣeé gbé lé itan ni, módẹ́ẹ̀mù sì wà nínú rẹ̀, èyí tí yóò gba ojú wáyà tẹlifóònù fi ìwé ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì wọn ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ṣùgbọ́n bí Marufat bá ti ní kó pe Ògbómọ̀ṣọ́, èsì kan náà ni DOS, ètò tó ń darí ẹ̀rọ náà, máa ń fún un: òun kò rí módẹ́ẹ̀mù kankan. Módẹ́ẹ̀mù tó wà nínú ikùn ara rẹ̀!

Bí ọ̀sán Jímọ̀ bá lé tí orúkọ àwọn àgbẹ̀ Ìkòyí-Ilé àti Ìrẹsà kò tíì dé Ògbómọ̀ṣọ́, àwọn ọ̀gá àgbà ẹgbẹ́ yóò gba kọ̀ǹpútà padà sí Ìbàdàn, Marufat yóò sì padà sídìí taparáítà. Odidi ọdún kan ló fi kọ́ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé egungun.

Èyí tó wá burú jù ni pé láti ọjọ́ kejì ló ti mọ ohun tó ṣe é. Ìwé tó bá ẹ̀rọ náà wá sọ pé ihò wáyà tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà ló ni nọ́ńbà kìn-ín-ní, kí wọ́n fún módẹ́ẹ̀mù ní nọ́ńbà kejì. Bàbá Oyèdèjì, ọ̀gá wọn, ló sì tò ó fúnra wọn. Wọ́n ní ẹ̀rọ pàtàkì báyìí kò gbọdọ̀ ṣe ìgbákejì ẹnikẹ́ni, ni wọ́n bá fún un ní nọ́ńbà kìn-ín-ní. Àwọn méjì wá ń jẹ́ nọ́ńbà kan, DOS kò sì mọ ẹni tí wọ́n ń pè. Ta ni yóò sọ fún ẹni tó ju bàbá ẹni lọ pé ó ṣì í?

Láàárọ̀ Jímọ̀, Marufat gbé ìwé náà, ó kúnlẹ̀.

“Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ẹ jọ̀ọ́, sà, ojú ìwé yìí ò yé mi. Ẹ bá mi kà á sókè.”

Irọ́ ni, ó yé e yékéyéké. Bàbá fi gíláàsì sójú, wọ́n ń kà á. Nígbà tí wọ́n dé ibi nọ́ńbà kejì, wọ́n fi ìka sí i. Wọ́n tún un kà. Wọ́n wo kọ̀ǹpútà, wọ́n wo Marufat.

“Marufat, o ti mọ̀.”

“Ẹ má bínú, sà.”

“Lọ tún un ṣe, jàre!”

Marufat yí nọ́ńbà padà, ó pa ẹ̀rọ, ó tún un tàn. Ó tẹ A, ó tẹ T, lẹ́tà méjì tí wọ́n fi ń pe módẹ́ẹ̀mù wò bóyá ó wà. Módẹ́ẹ̀mù dá a lóhùn: OK.

“Alhamdulilahi!” Marufat fò sókè, ìbòrí rẹ̀ já bọ́. Bàbá lu tábìlì gbàà. Módẹ́ẹ̀mù pe Ògbómọ̀ṣọ́, ó han gooro, ti ọ̀hún náà han padà, orúkọ àwọn àgbẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, láìku ẹnì kan.

Láìpẹ́, èsì Ọlọ́runtóbi, akọ̀wé Ògbómọ̀ṣọ́, hàn lójú ẹ̀rọ: Gbogbo rẹ̀ ti dé. Ọ̀gá Oyèdèjì, ẹ kú oríire!

Marufat sún sẹ́yìn fún ọ̀gá rẹ̀. Bàbá fi ìka kan ṣoṣo wá lẹ́tà kiri, ó pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ tán: Marufat ló ṣe é. Èmi ni mo bà á jẹ́.