Àga Tí Ọ̀gá Fi Ta Wọ́n Lọ́rẹ

Ẹsẹ̀ Ìyá Oníbọ́tìnnì ti wú débi pé bàtà rẹ̀ ò gbà á mọ́. Bọ́tìnnì ló ń rán mọ́ ara ṣẹ́ẹ̀tì níléeṣẹ́ aránṣọ kan, orí ìdúró ló sì ti ń rán an láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, torí ọ̀gá wọn gbà pé ẹni tó bá ti jókòó ti sùn tán. Bó bá rí ẹni tó fìdí lé páálí lásán, "Dìde!" ló máa fi bọnu. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Ọ̀gá Dìde. Nọ́ọ̀sì ti kìlọ̀ fún Ìyá Oníbọ́tìnnì pé bí kò bá yéé dúró, ọjọ́ kan ń bọ̀ tí ẹsẹ̀ náà ò ní gbé e mọ́. Ó bẹ ọ̀gá títí, ọ̀gá ní kó lọ jókòó sílé ọkọ ẹ̀. Ọkọ wo? Ọkọ tó ti kú! Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dé eegun.

Àfi bó ṣe di òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí ọkọ̀ já àga tuntun sílẹ̀ fún wọn. Àwọn tó ń ra ṣẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ iléeṣẹ́ náà ló ń rán àlejò bọ̀ lọ́jọ́ náà, kó wá wo bí wọ́n ṣe ń tọ́jú òṣìṣẹ́.

"Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ jókòó," Ọ̀gá Dìde ń rẹ́rìn-ín. "Ṣùgbọ́n ẹ má ya ọ̀rá ara ẹ̀ o. Bí àlejò bá ti lọ, mo máa dá a padà fẹ́ni tó tà á."

Ìyá Oníbọ́tìnnì jókòó. Áà! Omijé fẹ́ẹ̀ bọ́ lójú ẹ̀.

Àlejò dé, ó yin àga. Àṣejù, baba àṣetẹ́: orí ọ̀gá wú.

"Kì í ṣe tiléeṣẹ́ o! Mo fi ta wọ́n lọ́rẹ ni. Wọ́n lè gbé e relé bó bá wù wọ́n."

Àlejò pàtẹ́wọ́, ó ya gbogbo wọn ní fọ́tò, ó lọ.

"Dìde!"

Kò sẹ́ni tó mira.

"Ẹ ò gbọ́ ni?"

"A gbọ́, sà." Iṣẹ́ yìí ni Ìyá Oníbọ́tìnnì fi ń bọ́ ọmọ, síbẹ̀ òun ló dáhùn. "Àga wa la jókòó lé. Ẹ ṣeun, sà. Ẹ óò ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ́."

"Ẹ ṣeun, sà!" gbogbo yàrá gbè é.

"Àlejò ni mò ń bá sọ̀rọ̀ nígbà yẹn!"

"Ọkọ̀ wọn ò tíì jìnnà. Ṣé ká pè wọ́n padà?"

Ọ̀gá Dìde yí padà, ó wọ ọ́fíìsì ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n wọ́n mọ irú ẹni tí wọ́n ń bá ṣe: àga tó bá sùn síbẹ̀, ilẹ̀ ò ní mọ́ bá a. Nígbà tí wọ́n ṣíwọ́, oníkálukú gbé tiẹ̀ rù, wọ́n tò jáde. Àwọn ará àdúgbò ń bèèrè ibi tí ìnáwó wà. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà iléeṣẹ́, tóun náà máa ń dúró látàárọ̀ dalẹ́, ṣí géètì gbàyàù.

"Báàgì ni wọ́n ní kí n máa tú," ó ní. "Wọn ò sọ tàga." Ó tún wò wọ́n lẹ́yìn títí. "Èmi wá ńkọ́?"

Lọ́jọ́ kejì, bí wọ́n ṣe ń ru àga wọn bọ̀, Ọ̀gá Dìde ti ń sáré jáde látinú ọ́fíìsì.

"Àga mi dà?"

Ẹ̀ṣọ́ ló wà lórí ẹ̀ lẹ́nu géètì, àga aláwọ tó ń yí bírí. Ó kásẹ̀ lé ẹsẹ̀.

"Ẹ káàárọ̀, sà. Nígbà tẹ́ ẹ pín àga, ẹ gbàgbé tèmi. Mo wá a kiri, èyí nìkan ló kù."

Ọ̀gá dúró sójú oòrùn. Ìyá Oníbọ́tìnnì sọ àga ẹ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀ṣọ́, ó jókòó kí ẹsẹ̀ ẹ̀ lè sinmi díẹ̀, ó sì gbójú sókè wo ọ̀gá.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, sà," ó ní. "Ìdúró ò dáa fún ẹsẹ̀."