Waya Tó Jókòó Lórí Ọ̀dà

"Ràfátù, ẹlẹ́ẹ̀kẹta rèé," ni Ọ̀gbẹ́ni Oyèbọ́lá wí bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Kò pariwo. Ì bá tiẹ̀ sàn kó pariwo. "Iná tó o ṣe fún mi tún kú lánàá, níwájú géètì ilé-ìwé gan-an. Ọ̀gá wa wà nínú ọkọ̀."

Ràfátù kúnlẹ̀, ó ní kí wọ́n má bínú. Iná òrùka ni Oyèbọ́lá ń sọ, iná roboto funfun méjì tí àwọn olówó ń fi sójú ọkọ̀ nísinsìnyí. Kì í bá ọkọ̀ wá láti ilé iṣẹ́. Ọjà ni wọ́n ti ń rà á, ìgbà tó bá sì wù ú ló ń tàn. Ẹ̀ẹ̀mejì tó ti kú, ọjà ni Ràfátù dá lẹ́bi. Ó pààrọ̀ òrùka méjèèjì, ó sì ṣépè fún àwọn tó ń ta ayédèrú.

Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti iná lásán. Oyèbọ́lá ló ń mójú tó ọkọ̀ ní yunifásítì aládàáni kan lọ́nà Adó-Odò, bọ́ọ̀sì mọ́kànlá ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ó ti sọ fún Ràfátù pé bí iná yìí bá dúró oṣù kan gbáko, òun ni yóò máa ṣe iná gbogbo bọ́ọ̀sì náà. Láti ìgbà tí ṣọ́ọ̀ṣì àti yunifásítì ti gba Ọ̀tà kan, kò sí rìwáyà tó ń ṣe iná ọkọ̀ ní Sàǹgó tí kì í fi irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lálàá. Ràfátù tó jẹ́ Mùsùlùmí pàápàá mọ ọjọ́ àpéjọ ńlá ju pásítọ̀ mìíràn lọ, torí ọjọ́ náà ni ọkọ̀ máa ń bàjẹ́ jù.

"Ẹ jókòó, sà," ó ní. "Lónìí, mi ò ní fọwọ́ kan òrùka yẹn rárá. Ìdí waya ni mò ń lọ."

Ó tan iná. Méjèèjì tàn. Ó fi ìbàdí gbún ọkọ̀, ọ̀kan kú. Ó tún gbún un, ó jí. Iná tó bá ń kú tó ń jí bẹ́ẹ̀, ibi tó di mú ni kì í dúró. Ó tú bọ́ńpà, ó sì ń fi ìka tọ waya lọ títí ó fi dé ìdí áàtì, ìyẹn waya tó ń so iná mọ́ irin ọkọ̀.

Ọ̀gá rẹ̀, Fàlílù, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tirẹ̀, ló kọ́ ọ ní ìdí áàtì. Oṣù kìíní tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló so ó mọ́ ibi tí ọ̀dà wà, tí ọkùnrin náà fi sípánà gbá a lẹ́yìn ọwọ́. "Áàtì kì í jókòó lórí ọ̀dà," ó ní. "Ha á títí irin á fi dán." Ọdún mẹ́rin ló fi kọ́ṣẹ́ náà, ó sì ti pé ọdún méjì tó ti gba fírídọ̀mù, síbẹ̀ kò tíì gbàgbé sípánà yẹn.

Ibi tó ha rèé. Irin ń dán, ihò bóòtù sì ṣófo. Ìwọ̀n ìka mẹ́ta sí i ni wọ́n gbé waya náà lọ, tí wọ́n dè é mọ́ orí ọ̀dà tí ẹnikẹ́ni ò ha. Téèpù tí wọ́n wé mọ́ ọn yí sápá òsì. Nínú gbogbo rìwáyà tó wà ní ìlà náà, ẹnì kan ṣoṣo ló ń lo ọwọ́ òsì.

Ràfátù yíjú sí Oyèbọ́lá. "Sà, ṣé ẹlòmíì fọwọ́ kan ọkọ̀ yìí lẹ́yìn mi?"

"Ọ̀gá ẹ nìkan ni. Ṣebí ìwọ lo ní bí n ò bá bá ẹ, kí n lọ bá wọn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni, kò tíì kú nígbà náà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ wo iṣẹ́ ọmọ àwọn."

Ràfátù ké sí Fàlílù. Ọkùnrin náà dé, ó ń nu ọwọ́. Ó wo ibi tí Ràfátù nàka sí, ó sì gbójú kúrò.

"Ọ̀gá mi, kí ni mo ṣe fún yín?"

Fàlílù rẹ ohùn sílẹ̀. "Ọdún méjìdínlógún ni mo ti wà ní ìlà yìí. Ṣé ìwọ ni wọ́n á wá gbé bọ́ọ̀sì mọ́kànlá fún lójú mi?"

"Ẹ̀yin lẹ gbàdúrà pé ọwọ́ mi á mọ́ ju tiyín lọ."

"Àdúrà ni mo gbà. Mi ò ní kó o wá gba oúnjẹ lẹ́nu mi." Ó wá yíjú sí Oyèbọ́lá, ó gbóhùn sókè. "Ẹ má bínú, sà. Ọmọdé ṣì ni, iṣẹ́ ò tíì jinlẹ̀ nínú ẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ mi."

Ó dun Ràfátù wọra. Lọ́jọ́ fírídọ̀mù, ó fi Kùránì búra lójú gbogbo ẹgbẹ́ pé òun ò ní dójú ti ọ̀gá òun níwájú oníbàárà láéláé. Gbogbo ọmọṣẹ́ ló ń búra bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó ní kí ọ̀gá búra tirẹ̀.

"Sà," ó ní, "ẹ bá mi na ìka yín síbí." Ó fi ìka Oyèbọ́lá sórí irin tó ń dán, lẹ́yìn náà ó gbé e sórí ọ̀dà. "Ibi tí mo so ó mọ́ nìyí. Ibi tí ọ̀gá mi gbé e lọ nìyí."

"Ràfátù, o búra," ni Fàlílù wí.

"Mo búra. Mo sì ti dà á. Ọlọ́run á bá mi ṣe ẹjọ́ tèmi."

Oyèbọ́lá nu ìka rẹ̀ mọ́ áńkáṣíìfù. "Ó dùn mí, Ràfátù. Ọmọ ọlọ́mọ là ń kó sínú bọ́ọ̀sì yẹn. Mi ò lè gbé e wá sí ìlà tí wọ́n ti ń tú iṣẹ́ ara wọn."

"Mo gbọ́, sà."

Ó dá waya padà síbi tó ha, ó de bóòtù, ó sì fi gbogbo agbára gbún ọkọ̀. Iná méjèèjì dúró. Oyèbọ́lá dúpẹ́, ó wa ọkọ̀ lọ. Fàlílù ò tíì kúrò níbi tó dúró sí, ó ń wo Ràfátù bí ẹni tó ń retí kó wá kúnlẹ̀ bẹ òun.

"Bàbá Àdìzát," ni Ràfátù wí. Orúkọ tí àwọn tí kò kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀ ń pè é ni. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yà díẹ̀. Mo fẹ́ kó irinṣẹ́ mi kọjá."

Ọkùnrin náà yà fún un.