Ìkòkò Kejì ní Ilé Indómì Sakété

Kí Hortense tó sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tó gbé e láti Pobè, ó ti ń kùn. Odindi ilé kan ní Sakété, indómì ni wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún! Nasser, ọmọ Ràúdátù tí òun àti Hortense jọ ń tajà rí, ló lọ rí irú rẹ̀ ní Japan, ló bá sọ ìsọ̀ bàbá rẹ̀ di ibi tí àlejò ti ń po ìyẹ̀fun, tí ń fà á gùn bí okùn, tí ń ya àwòrán sára ike tí yóò fi jẹ ẹ́, tí ń se indómì náà fúnra rẹ̀.

Ẹnu ọ̀nà ló ti rí ohun tí wọ́n ròyìn fún un. Fọ́tò Ràúdátù rèé, ó tóbi bí ilẹ̀kùn. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Obìnrin àkọ́kọ́ tó se indómì tà láti Sakété dé Pobè."

Àkọ́kọ́ kẹ̀! Nígbà tí wọ́n jọ ń tajà ní ìdíkọ̀ Pobè, ṣebí ńṣe ni Ràúdátù ń bọ indómì bí ẹni ń bọ ẹ̀wà? Hortense ló fà á lọ́wọ́ wá sídìí ààrò, tó ní, "Àbúrò, wá wò ó." Lónìí, ẹ̀gbọ́n ṣì ń fẹ́ná lábẹ́ páànù, àbúrò ti di fọ́tò.

"Ìyá, ẹ wá po ìyẹ̀fun," ni Latifath, ọmọbìnrin tó ń mú àlejò kiri, wí.

"Ìyẹ̀fun kọ́ ni mo bá wá. Ta ló kọ ìkọkúkọ yẹn?"

Ràúdátù gbóhùn rẹ̀, ó sáré jáde, ó kúnlẹ̀ fún Hortense. "Ìyá Uriel! Ẹ̀yin àlejò, ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ rèé o!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Hortense yíjú sí fọ́tò náà. Kí ẹni tó gbé oyin ẹni lọ tún wá máa fìka bù ú fún ẹni lá!

"Ẹ bá wa se ìkòkò kan, kí wọ́n mọ̀ pé mi ò purọ́," ni Ràúdátù wí.

"Ìwọ ò purọ́. Fọ́tò ẹ ló purọ́."

Ẹ̀rín sọ. Hortense gba ìpọn ọbẹ̀ lọ́wọ́ Ràúdátù. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí kò fi han Ràúdátù rí: kí omi tó kan indómì, ó máa ń dín in ní gbígbẹ nínú epo pupa àti irú. Ó wo gbogbo ojú tó yí i ká, ó sì fo ibẹ̀. Omi ló kọ́kọ́ gbé kaná.

Latifath tọ́ ọ wò. "Háà! Ó dà bíi ti Ìyá Nasser gẹ́lẹ́!"

"Gẹ́lẹ́ ni," bàbá arúgbó kan dáhùn. "Ta wá ni ọ̀gá nínú wọn?"

Ọ̀rọ̀ náà gún Hortense bí ẹ̀gún ọ̀pẹ. Bó bá pa ti epo àti irú yẹn mọ́, òun àti Ràúdátù dọ́gba títí ayé nìyẹn. Bó bá fi hàn, Sakété gbà á lọ nìyẹn.

"Ẹ gbé ìyẹn sọ̀," ló wí. "Epo pupa dà?"

Ó fọ́ irú sínú epo, ó dúró títí ó fi rú èéfín, ó da indómì gbígbẹ sí i. Ó ta ṣàà. Òórùn rẹ̀ gba gbogbo ilé.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Ràúdátù wí wẹ́rẹ́, "látọjọ́ yìí lẹ ti ń fi eléyìí pa mọ́ fún mi?"

"Látọjọ́ náà ni."

Ràúdátù rẹ́rìn-ín títí ó fi nu ojú. "Nasser! Mú bírò wá. Kọ ọ́ sílẹ̀, má fo ìkankan."

"Orúkọ mi ni kó o kọ́kọ́ kọ," Hortense wí, kò gbójú kúrò lórí ìkòkò.