Kẹ̀kẹ́ Àfẹ̀yìntì Jẹ́láàní

Kí Jẹ́láàní tó já bọ́ láti orí ọ̀pẹ, kò sí ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ tún ṣe tó o ní Ifangni, ìlú kan ní Bẹ̀nẹ̀ nítòsí ààlà Nàìjíríà. Lẹ́yìn tó já bọ́, ìbàdí rẹ̀ kò gbà á láyè láti jókòó sórí kẹ̀kẹ́ mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò lè rìn jìnnà. Ìgbà kan tó gbìyànjú láti gun ọ̀kan, ó ṣubú lẹ́bàá ọjà, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín. Kò gbàgbé ẹ̀rín náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó na ara sórí àga ìrọ̀gbọ̀kú rẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ògiri. Àga náà sún sẹ́yìn pẹ̀lú òun lórí rẹ̀. Ó tún un ṣe, ó tún sún. Agbára ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀yìn ló ń fẹ́ ibi ìsinmi. Ọjọ́ náà ló mú èédú, ó ya kẹ̀kẹ́ kan sára ògiri ẹ̀yìnkùlé: ẹsẹ̀ méjì níwájú, ọ̀kan lẹ́yìn, àga láàárín, pẹ́dà ní ọ̀ọ́kán. Lẹ́yìn náà ló wá ilẹ̀kùn sí ẹnu ọgbà, ó sì ń tì í.

Ọdún 1977 nìyẹn. Ní oṣù kìíní ọdún náà ni àwọn jagunjagun àjèjì fi bàlúù balẹ̀ sí Kútọnu láàárọ̀ Ọjọ́ Àìkú kan, tí wọ́n yìnbọn kí wọ́n tó sá lọ. Láti ìgbà náà, rédíò ń sọ fún oníkálukú pé kó la ojú rẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí alárù kan ru irin bẹ́ẹ̀dì gígùn gígùn láti Igolo lẹ́nu ààlà wá sílé Jẹ́láàní, gbogbo àdúgbò ló kà á. Ẹnìkan ní ẹnu ìbọn ni.

Cyprien ajórin nìkan ló ń wọ ẹ̀yìnkùlé náà. Òun ló ń jó irin pọ̀ fún un, Jẹ́láàní sì ti bẹ̀ ẹ́ kó má sọ fún ẹnikẹ́ni títí kẹ̀kẹ́ náà yóò fi rìn.

Ràbíátù ìyàwó Jẹ́láàní kò mọ nǹkan kan. Lọ́jọ́ kan, ó yọjú láàárín imọ̀ ọ̀pẹ tí wọ́n fi ṣọgbà, ó rí ọkọ rẹ̀ tó nà gbalaja sílẹ̀. Ó ń fi okùn wọn ara rẹ̀ láti ìbàdí dé gìgísẹ̀, ó ń fi igi fa ilà yí ara rẹ̀ ká. Àyà obìnrin náà já. Bí wọ́n ṣe ń wọn òkú nìyẹn.

Nígbà tí ó gbé oúnjẹ kalẹ̀, ó ní, "Bàbá Fàtímọ̀, kí lẹ ń wọ̀n lẹ́yìnkùlé?"

"Irin ni."

"Ara yín ni mo rí tí ẹ ń wọ̀n."

"Ìyá Fàtímọ̀, jẹ́ kí n jẹun."

Kò bi í mọ́. Ṣùgbọ́n kò sùn dáadáa mọ́.

Kẹ̀kẹ́ àkọ́kọ́ dojú dé. Jẹ́láàní ti gbé àga rẹ̀ ga jù. Bí ó ṣe yà báyìí, ẹsẹ̀ iwájú kan ká bí ewé gbígbẹ. Ó ní kí Cyprien gé irin náà, wọ́n sì rẹ àga sílẹ̀ títí ó fi ku bí ìgbọ̀nwọ́ kan sí ilẹ̀. Ṣéènì kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ni wọ́n so pọ̀ kó tó dé ẹ̀yìn, ó sì ń já bọ́ ṣáá, àfi ìgbà tí wọ́n fi irin kékeré eléyín gbé e lábẹ́ àga.

Ní Jímọ̀ kan, Dieudonné, tó jẹ́ délégué, aṣojú ìjọba nínú ìlú, kan ilẹ̀kùn pẹ̀lú ọkùnrin méjì.

"Kámáráàdì Jẹ́láàní, wọ́n ní ẹ ń kan nǹkan kan níhìn-ín."

Jẹ́láàní yíjú sí Cyprien, tí ó ṣì mú iná dání. "Ìwọ nìkan ló mọ̀," ó ní. "Mo bẹ̀ ẹ́, o sì lọ tà mí."

Cyprien pa iná náà. Ó gba àárín àwọn ọkùnrin náà kọjá, ó lọ.

Dieudonné fi ojú kan wo inú irin gígùn kan. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá kẹ̀kẹ́.

"Kí ló dé tó fi sún mọ́lẹ̀ báyìí?"

"Kó má baà dojú dé ni."

"Ẹni tó bá dùbúlẹ̀ báyìí, bó bá gba inú koríko kọjá sí Idiroko ní Nàìjíríà, ta ni yóò rí i?"

Jẹ́láàní kò ronú kan ìyẹn rí. Ó wo àga náà, ó rí i pé òótọ́ ni. "Ẹ jẹ́ kí n wà á," ó ní.

Wọ́n ṣí ilẹ̀kùn. Ó fẹ̀yìn tì, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó sì wa kẹ̀kẹ́ náà yí ìta ká lẹ́ẹ̀mejì. Ṣéènì kò já. Àwọn tó dúró lójú ọ̀nà kò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kàn ń wò ó.

"Bon, ó dáa," Dieudonné ní. "Ó ń rìn. Ìyẹn kò sọ ibi tó ń lọ fún mi. Ẹ lè gbé e dé Daagbé, ẹ lè gbé e dé Tchaada. Ẹ ò gbọdọ̀ fi gba ọ̀nà Igolo. Bí ẹ bá sì ń jáde nílùú, ẹ kọ́kọ́ wá sọ fún mi. C'est tout, ó tán."

Nígbà tí wọ́n lọ tán, Ràbíátù jáde síta.

"Èmi ni mo lọ pe Dieudonné," ó ní. "Mo rò pé sàréè yín lẹ ń wọ̀n."

Jẹ́láàní yíjú sí i. "Kí ló dé tí o ò bi mí?"

"Mo bi yín. Ẹ ní kí n jẹ́ kí ẹ jẹun."

Lọ́jọ́ kejì, ó wa kẹ̀kẹ́ náà lọ bá Cyprien ní ṣọ́ọ̀bù, ó sì tọrọ àforíjì níwájú àwọn tó wà níbẹ̀.

"Kò sí nǹkan, ẹ̀gbọ́n," Cyprien dáhùn. Ó jó ibì kan tó ti ń là lára irin náà. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn, bí Jẹ́láàní bá ti wọlé, Cyprien á fi àpò bo iṣẹ́ tó wà níwájú rẹ̀.

Ní Àbámẹ́ta ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, Jẹ́láàní lọ sọ fún Dieudonné pé òun ń lọ kí Fàtímọ̀ ọmọ òun, tó lọ́kọ sí Daagbé. Dieudonné kọ ọ́ sínú ìwé. Ràbíátù ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ kẹ̀kẹ́. Nígbà tí wọ́n dé ibi tí ọ̀nà ti gòkè, tí mímí Jẹ́láàní ń ga, Ràbíátù fi ọwọ́ kan ti ẹ̀yìn àga náà, ó sì ń tì í lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń lọ títí wọ́n fi rí òrùlé Daagbé.